Bí A Ṣe Ń De Bíréèkì Onídísíìkì Mọ́ Kẹ̀kẹ́, Tí Kò Fi Ní Máa Ha

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Bíréèkì onídísíìkì ni a fẹ́ dè mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere lónìí, a ó sì tò ó títí dísíìkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ róbótó tí ó ń bá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí, yóò fi máa yí láàrin páàdì méjèèjì tí ó ń fún un mọ́ra kí kẹ̀kẹ́ lè dúró, láìha èyíkéyìí nínú wọn. Bíréèkì oníwáyà ni èyí tí ó wà níwájú yín yìí, irú èyí tí ó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ kò ga púpọ̀ àti lára àwọn tòkunbọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ dúró lójijì.

Kí a tó mú sípánà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí bíréèkì wọn ń ha máa ń sáré tú kálípà, ìyẹn ẹ̀yà bíréèkì tí ó gba dísíìkì sáàárín tí páàdì sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kálípà ni ó yẹ kí a fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe jókòó sínú fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ni ó ń pinnu ibi tí dísíìkì yóò wà. Bí kò bá jókòó dáadáa, gbogbo títò tí a bá to kálípà yóò dàrú lọ́jọ́ tí a bá tú ẹsẹ̀ náà láti lẹ táyà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì apá òsì, nísàlẹ̀. Ihò bóòtù méjì wà níbẹ̀, àlàfo àárín wọn sì jẹ́ mílímítà 74. Họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, náà ní ihò mẹ́fà tí a ó fi de dísíìkì mọ́ ọn. Àwọn fọ́ọ̀kì kan ní irú ihò mìíràn tí ó ń fẹ́ irin ìsopọ̀ kí kálípà tó lè jókòó, ìyẹn kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀kì yín kò bá ní ihò rárá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà pé kí ó jó irin mọ́ ọn. Bíréèkì tí ń mú rímù máa ń pín agbára rẹ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì fọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ti onídísíìkì ń kó gbogbo ẹrù náà lé ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, fọ́ọ̀kì tí wọn kò sì ṣe fún un lè ká tàbí kí ó ṣẹ́ nígbà tí ènìyàn wà lórí eré. Fọ́ọ̀kì mìíràn ni kí ẹ rà.

Dísíìkì tí ó wà lọ́wọ́ mi yìí fẹ̀ tó mílímítà 160. Àwọn 140, 180 àti 203 náà wà, a kò sì lè ṣàdédé fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, nítorí pé bí dísíìkì bá ti fẹ̀ sí i, kálípà náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín họ́ọ̀bù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin ìsopọ̀ abẹ́ kálípà ni ó sì ń ṣe ìyẹn. Ẹ kíyè sí ọfà kékeré tí wọ́n fín sára rẹ̀: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí sí nígbà tí a bá ń lọ síwájú ni kí ọfà náà kọjú sí. Ẹ fi kíì onírawọ̀ T25 yí bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé láìtíì fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èyí tí ó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, kí dísíìkì lè jókòó pẹrẹsẹ sára họ́ọ̀bù. Newton-meter (òṣùwọ̀n bí a ṣe fún bóòtù le tó) 4 sí 6 tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ iye tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe tiyín kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ òróró ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ gidigidi. Páàdì máa ń fa òróró mu, bí ó bá sì ti mu ún, bíréèkì kò ní mú dáadáa mọ́, yóò sì máa ké nígbàkígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìka tí a fi kan ṣéènì tán tí a tún fi kan ojú dísíìkì ti tó láti bà á jẹ́. Ọ́ìlì tí a ń fín sí ṣéènì tí atẹ́gùn sì gbé débẹ̀ náà lè ṣe é. Nítorí náà, àárín dísíìkì ni kí ẹ máa dì mú. Ẹ fi isopropyl alcohol, ìyẹn ọtí ìnu-nǹkan tí kì í fi ọ̀rá sílẹ̀, àti aṣọ tí a kò tíì fi nu nǹkan kan rí nu ojú rẹ̀ méjèèjì. Kẹrosíìnì tí a fi ń fọ irin kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Páàdì tí ó bá ti mu òróró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ó kan dídá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí a ti de dísíìkì mọ́ padà sínú fọ́ọ̀kì. Ẹ má ṣe dojú kẹ̀kẹ́ dé fún èyí. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí ilẹ̀, kí ẹ fi ara tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ kí họ́ọ̀bù lè wọ ìdí àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀kì, ìgbà náà ni kí ẹ wá dè é. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń fi ọwọ́ ìdè kékeré pa dé láìlo sípánà, apá ọ̀tún ni kí ọwọ́ ìdè náà wà, kí ó jìnnà sí dísíìkì. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ Trek tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ kéde pé kí wọ́n dá nǹkan bíi 900,000 kẹ̀kẹ́ padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọwọ́ ìdè tí kò bá wà ní pípadé lè ṣí kọjá ibi tí ó yẹ, kí ó sì há sínú dísíìkì iwájú. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Wàyí o, ẹ gbé kálípà lé orí ihò méjèèjì, kí ẹ fi Allen key (kíì onígun mẹ́fà) nọ́ńbà 5 yí bóòtù rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ díẹ̀ kí kálípà lè máa rìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wo ihò tí bóòtù gbà kọjá lára rẹ̀: gbọọrọ ni, kì í ṣe róbótó, òun ni ó fi lè rìn. Ẹ ti wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi páláyà fà á títí kò fi dẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fún bóòtù tí ó dì í mú, nígbà tí apá kálípà tí wáyà ń fà ṣì wà níbi ìsinmi rẹ̀ pátápátá. Bí apá náà bá ti rìn díẹ̀ kí a tó de wáyà, ìrìn tí ó kù fún un kò ní tó láti tẹ páàdì dáadáa, pàápàá nígbà tí páàdì bá ti jẹ díẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì oníwáyà, páàdì ẹ̀gbẹ́ òde nìkan ni ó ń rìn. Ti inú, tí ó wà lápá sípóòkù, dúró sójú kan. Nígbà tí a bá tẹ ọwọ́ bíréèkì, páàdì òde ni ó ń ti dísíìkì lọ bá páàdì inú, dísíìkì a sì tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó kàn án. Ìdí nìyí tí páàdì inú fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ dísíìkì tó bí ó ti lè ṣeé ṣe láìkàn án. Ẹ fi Allen key gba àárín sípóòkù yí i wọlé títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dísíìkì. Ẹ wá tẹ ọwọ́ bíréèkì pinpin, ẹ má sì tú u sílẹ̀. Kálípà yóò fúnra rẹ̀ rìn lọ síbi tí dísíìkì wà. Bí ẹ ti dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ fún bóòtù òkè díẹ̀, ẹ fún ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa gbà á ní ìdákọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé Newton-meter 6 sí 8. Bí ẹ bá fún ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì, bóòtù náà yóò fa kálípà wọ́ bí ó ti ń yí.

Ẹ tú ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀, kí ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ó bá ń ha láìdúró, kálípà ni kò wà láàrin: ẹ gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ojú kan wò ó láti iwájú, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tí àyè wà, ẹ ó sì rí òkùnkùn ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń kàn. Ẹ tú bóòtù kan díẹ̀, kí ẹ fi ìka sún kálípà díẹ̀ bíńtín, kí ẹ fún un padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún ṣìn, tí ó dákẹ́, tí ó tún dún ṣìn ní ojú kan náà ní gbogbo yíyí, dísíìkì ni ó wọ́. Ó wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń to kẹ̀kẹ́ lé ara wọn. Ẹ sàmì sí ojú ibẹ̀, kí ẹ fi sípánà tí a lè fẹ ẹnu rẹ̀ tàbí kí a fún un, tí ẹ ti nu mọ́ tónítóní, di dísíìkì mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ yí i wò, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Bí bíréèkì yín bá jẹ́ olómi, ìyẹn èyí tí omi inú páìpù ń ti páàdì rẹ̀ dípò wáyà, títò kálípà kò yàtọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ má ṣe tẹ ọwọ́ bíréèkì nígbà tí dísíìkì kò sí láàrin páàdì, nítorí páàdì méjèèjì yóò wá pàdé, dísíìkì kò sì ní ráyè wọlé. Omi DOT àti mineral oil, ìyẹn irú omi bíréèkì méjì, kò sì gbọdọ̀ rọ́pò ara wọn láé, torí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Bíréèkì tuntun kì í mú dáadáa lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ibi gbalasa tí ọkọ̀ kò sí, kí ẹ sáré níwọ̀nba, kí ẹ tẹ bíréèkì gírígírí títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má dúró pátápátá, kí ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é tó nǹkan bí ogún ìgbà, ẹ ó rí i pé ó ń mú sí i, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ṣe páàdì ti ń lẹ̀ mọ́ ojú dísíìkì bọ́rọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan dísíìkì lẹ́yìn náà, ó gbóná tó láti jó ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún wo gbogbo bóòtù. Bí páàdì bá ti ń jẹ, ẹ yí páàdì inú wọlé díẹ̀ dípò kí ẹ máa fa wáyà nìkan, nítorí wáyà tí a fà jù ni ó ń gba ìrìn lọ́wọ́ apá kálípà. Bí ohun tí ó kù lórí irin páàdì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílímítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Dísíìkì náà ní òpin tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn tó mílímítà 1.8 nígbà tí ó wà ní tuntun, wọ́n sì fín 1.5 sára wọn gẹ́gẹ́ bí ibi tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá.