Bí mo ṣe sọ Sienna di yàrá tó ṣeé sùn, tó sì ṣì ń kó ọjà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ ni mo wà, inú ọgbà ilé wa níbí, ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí ni Sienna tí mo máa ń gbé rin ọjà. Aṣọ ni mo ń tà, ànkárá àti àdìrẹ, Ìkàrẹ́ lónìí, Òkìtìpupa lọ́la, tí ilẹ̀ bá wá ṣú bá mi lọ́nà mi ò ní fi òru rìn, màá lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ mí, màá wọ ọgbà wọn, màá tilẹ̀kùn ọkọ̀, màá sùn. Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Ọ̀pọ̀ yín lẹ ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀, ibo lẹrù ń wọ̀, ṣé ooru ò pa mí, torí náà lónìí màá ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kò sí èyí tí màá fi pamọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó, ẹ máa rí i pé wọ́n á kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n á gbé sìǹkì sí i, gáàsì, gbogbo ẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa, òun náà ló ń gbé ọmọ lọ síléèwé, òun ló ń kó bẹ́ẹ̀lì aṣọ, tí wọ́n bá sì ń ṣòkú nílé àna ẹni, òun náà ló máa kó wa lọ. Ìdí nìyẹn tí tèmi ò fi ní ìṣó kan ṣoṣo nínú bọ́dì ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń yọ. Ọgbọ́n yìí sì ti pẹ́ o. Ní nǹkan bí 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ṣe àpótí kan fún bọ́ọ̀sì Volkswagen, irú bọ́ọ̀sì tí àwa wá ń pè ní dánfó yẹn gan-an, àpótí náà ṣeé gbé wọlé, ó ṣeé gbé jáde, kí ẹni tó ni ín lè fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kó tún fi ṣe ilé nígbà ìsinmi. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn, pákó ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo ṣá fi ṣe tèmi.

Mo ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀dì kan tẹ́lẹ̀ tí kò dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má bàa ṣe yín. Pílàìwúùdù gbalaja kan ni mo tẹ́, mo gbé e sókè tó ínṣì 16 torí mo fẹ́ kí abẹ́ ẹ̀ gba ẹrù púpọ̀, mo wá gbé fóòmù lé e. Àkọ́kọ́ ná, mi ò lè jókòó. Tí mo bá fẹ́ wọ aṣọ láàárọ̀, màá tẹ ọrùn wálẹ̀ bí ẹni tó ń wọ inú kànga. Ìkejì ló wá burú jù. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òórùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rò pé omi ẹja ló dà síbì kan, mo fọ ọkọ̀, òórùn ò lọ. Ọjọ́ tí mo yí fóòmù yẹn padà, abẹ́ ẹ̀ ti bu, ó dúdú káàkiri, pákó náà ti rin gbindin. Bẹ́ẹ̀lì àdìrẹ méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀, òórùn yẹn wọ aṣọ ọjà mi, àwọn oníbàárà á gbé e símú, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an ni.

Òjò kọ́ ló wọlé o. Èémí àti òógùn ara wa ni. Ṣé ẹ mọ bí ara píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìjì ṣe máa ń sẹ omi? Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá sùn, ooru ara ẹ̀ àti ọ̀rinrin ẹ̀ á gba inú fóòmù kọjá lọ sísàlẹ̀, á bá pákó tó tutù, á di omi síbẹ̀, tí pákó yẹn bá sì dí pa, omi ò ríbi gbà lọ. Ohun tí bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ ń fẹ́ jù ni kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ ẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn, gbogbo ohun tí mo máa fi hàn yín lónìí ló ti ibẹ̀ wá.

Kẹ́ ẹ tó ra pákó kankan, ẹ wọn ara yín. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan o, ara yín. Ẹ yọ síìtì àárín méjèèjì jáde, wọ́n wúwo, ẹ pe ẹnì kan kó bá yín gbé e, tẹ̀yìn náà mo ní kí mẹkáníìkì tú u kúrò pátápátá torí mo fẹ́ lo kòtò tí síìtì yẹn máa ń ká wọ̀. Ẹ wá da rọ́bà pẹ́ńtì dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ jókòó lé e, ẹ na ẹ̀yìn yín gbọọrọ, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wo àárín orí yín sí òrùlé. Ìka mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Tí kò bá wọ̀ ọ́, rọ́bà yẹn ti ga jù, ẹ wá èyí tó kúrú sí i, tó bá wọ̀ ọ́, ẹ fi téèpù wọn gíga rọ́bà yẹn, ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì yín máa ga dé, pẹ̀lú fóòmù lórí ẹ̀. Tèmi wá já sí àpótí ínṣì 8, fóòmù ínṣì 4. Gígùn ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn lẹ́yìn tí mo ti sún síìtì iwájú síwájú.

Ó wá kan pákó. Bàbá kápẹ́ńtà tó bá mi ṣe é, ní Òkè-Àró níbí, mo sọ fún wọn pé ìrókò ni mo fẹ́ kó lè pẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ilé lo fẹ́ kọ́ ni àbí ọkọ̀ lo fẹ́ gbé rìn? Ìrókò á wúwo fún ọ, epo lo máa fi san án." Afàrà ni wọ́n fi ṣe férémù, arère ni wọ́n fi ṣe ìdérí torí ó fúyẹ́, àmọ́ wọ́n ní arère kì í lè kọ kòkòrò, wọ́n fi oògùn kòkòrò pa á, wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kùn ún ní fáníìṣì. Ẹ má gbé pákó tútù láti sọ́míìlì wọ inú ọkọ̀ o, á ká, ìdérí ò ní padé mọ́.

Ẹ sún mọ́ ibí kẹ́ ẹ rí i. Àpótí mẹ́ta ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì kan. Ìkọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 24, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti iwájú dé búùtù, bóòtù méjì méjì ló so wọ́n pọ̀, nọ́ọ̀tì elétí tí a ń fi ọwọ́ lásán tú la fi há a. Ìdérí ẹ̀ nìyí: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìka kan ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹ wò ó, ọwọ́ mi ń gbabẹ̀ kọjá. Bàbá tún lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí lọ́tùn-ún lósì. Atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á gba àlàfo jáde sábẹ́ fóòmù. Látìgbà yẹn, òjò ọdún méjì ti kọjá lórí ẹ̀, kò bu mọ́.

Àpótí ẹ̀yìn ò ní ìdí, orí kòtò síìtì yẹn ló jókòó lé, nítorí náà ó jìn, ìkòkò, sítóòfù àti abọ́ ló wà níbẹ̀, láti búùtù ni mo ti ń ṣí i. Ti àárín, aṣọ ọjà ni, mo di wọ́n sínú ọ̀rá kí eruku má bà á. Ti iwájú, aṣọ tèmi, oògùn, tọ́ọ̀ṣì. Omi mi ò sí nínú àpótí o, kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì ni, kílò 20 nìyẹn, ẹ̀yìn síìtì dẹ́rẹ́bà ni mo dè é mọ́ nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí eléyìí dáadáa: tẹ́ ẹ bá ń sáré lọ́nà Ọ̀wọ̀, tí ewúrẹ́ kan fò sójú títì, tẹ́ ẹ tẹ bíréékì, ọkọ̀ á dúró, ẹrù ò ní dúró, eré tí ọkọ̀ ń sá ló máa fi kọlu orí yín. Àwọn irin tí síìtì àárín máa ń kọ́ mọ́ nílẹ̀ níbí yìí, ara wọn ni mo fi bẹ́líìtì oníkọ́kọ́rọ́, irú èyí tí àwọn onítírélà fi ń de ẹrù, de àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Mo fà á le. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ jókòó tàbí sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ọmọdé pàápàá, kò sí síìtì bẹ́líìtì níbẹ̀.

Òkè ńkọ́? Àwọ̀n ẹja ni. Mo rà á ní Igbókọ̀dá lọ́wọ́ ìyá kan, mo so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tí a máa ń dì mú lókè ilẹ̀kùn. Tówẹ̀lì, ìborùn, búrẹ́dì, nǹkan tó bá fúyẹ́ ṣá, kò gbọdọ̀ sí agolo níbẹ̀. Ẹ̀yìn síìtì iwájú, télọ̀ fi àjákù jíǹsì rán àpò mẹ́fà fún mi, fóònù, ṣájà, búrọ́ọ̀ṣì, kálukú ní yàrá tiẹ̀, n kì í tan iná wá nǹkan lóru mọ́.

Fóòmù wàyí. Kì í ṣe bó ṣe nípọn tó ló ṣe pàtàkì, bó ṣe le tó ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbé gbogbo ara lé e, tí orúnkún bá kan ilẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ìbàdí yín ló máa kan pákó lóru. Mo ní kí wọ́n gé e sí mẹ́ta bí àpótí ṣe jẹ́ mẹ́ta, kálukú pẹ̀lú aṣọ tiẹ̀ àti síìpù, tí mo bá fẹ́ mú nǹkan nínú àpótí àárín, fóòmù kan ni mo máa gbé, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ fi bò ó, lẹ́dà á mú yín làágùn. Kí fóòmù tó dé, ẹní ló kọ́kọ́ wà lórí pákó, ẹní Ògòtún, ẹ̀yin ará Èkìtì ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yìí o, ojú ẹní yẹn máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn rọ́nà gbà, kì í sì í jẹ́ kí fóòmù ki sínú àlàfo. Mo ti gbìyànjú kápẹ́ẹ̀tì, mo ti gbìyànjú páálí, kò sí èyí tó tó o.

Tẹ́ ẹ bá páàkì, ẹ gbé ike omi tí kò kún sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo ibi tí omi dà sí. Orí ló gbọ́dọ̀ wà níbi tó ga. Tí orí bá wà nísàlẹ̀, ẹ máa jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, pákó kékeré kan lábẹ́ táyà á tún un ṣe.

Ooru. Ẹ má gbọ́n pé ẹ máa tan ọkọ̀ sílẹ̀ kí AC máa ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má ṣe é. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì yẹn máa ń gbà mọ́ atẹ́gùn lọ́wọ́, ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀ rárá, oorun náà ló máa bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan náà ni. Èédú nínú ọkọ̀ nígbà ọyẹ́, ọ̀kan náà ni, kódà tí fèrèsé ṣí díẹ̀. Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ ní àdúgbò yín, èmi náà ti gbọ́, inú mi ò dùn láti máa gbọ́ ọ mọ́.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Fèrèsé méjì tó dojú kọra, mo ṣí i ní ìka méjì, kí ti ọ̀tún gbà wọlé kí ti òsì gbà jáde. Fáànù kékeré tó ń lo bátìrì tiẹ̀, mo kọjú ẹ̀ síta lójú fèrèsé kan, ooru inú ló ń lé jáde, atẹ́gùn tútù á fúnra ẹ̀ gba òdìkejì wọlé. Ẹ má fi bátìrì ọkọ̀ tan fáànù mọ́jú, ọkọ̀ ò ní sítáàtì láàárọ̀. Ẹ̀fọn ńkọ́, ẹ wo ọwọ́ mi: nẹ́ẹ̀tì lásán ni, mo gé e kó tóbi ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ ní ìka mẹ́rin yíká, mo ṣẹ́ etí ẹ̀ bí etí ìró, inú etí yẹn ni mo rán mágínẹ́ẹ̀tì sí, ọ̀kan ní gbogbo ìbú ọwọ́ kan. Inú àwọn sípíkà tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ wọ́n, àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ọ̀pọ̀. Mo gbé e báyìí... ẹ gbọ́ ọ? Tá, tá, tá, ó ti di irin mú. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀fọn ò wọlé. Kẹ́ ẹ tó rán an, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan yí ẹnu ilẹ̀kùn ká ná, ibi tó bá jẹ́ rọ́bà kò ní di í mú.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì, kì í ṣe inú igbó. Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ lọ Ìdànrè, ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìsàlẹ̀ òkè la sùn sí, mo tọrọ ààyè, mo san owó díẹ̀, mẹ́gáádì wà níbẹ̀, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú la ti ń gun àtẹ̀gùn, ó lé ní 600 o. Síìtì dẹ́rẹ́bà sì gbọ́dọ̀ ṣófo, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, tí nǹkan kan bá ṣe yín lóru kẹ́ ẹ kàn jókòó kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá tú u fún yín. Bẹ́líìtì rèé, mo tú u. Nọ́ọ̀tì elétí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, agolo mílíìkì tí mo so mọ́ àpótí àárín yìí ni mo ń kó wọn sí kí wọ́n má sọnù. Àpótí kìíní ti jáde. Ìkejì. Ẹ̀kẹta. Fóòmù á lọ sórí okùn aṣọ, àpótí á ṣí sílẹ̀ nínú oòrùn títí di ọ̀sán, ẹní á wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ti ṣófo báyìí, àgbàdo àbúrò mi wà ní Ìgbárá-Òkè tí mo fẹ́ lọ bá a kó.