Fi Ewé Hísópù Fọ̀ Mí: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ṣé dáadáa la jí? Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Òṣogbo níbí, láti Òkè-Fíà dé Àlékúwódò títí dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ẹ ti ń wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé yín dé sẹ́kìtéríàtì, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ẹ ti fẹ́ lọ pàtẹ ní Ọjà Ọba, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ká jọ gbọ́ ohun tí Bíbélì fẹ́ bá wa sọ kí wàhálà ọjọ́ òní tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tó jí wa, ọpẹ́ ni fún un.

Ibi tí a máa kà ni Orin Dáfídì 51, ẹsẹ 7: "Fi ewé hísópù fọ̀ mí, èmi ó sì mọ́, wẹ̀ mí, èmi ó sì fún ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ."

Gbogbo wa la mọ Orin Dáfídì yìí, à ń kà á nígbà ààwẹ̀, à ń kà á ní ìṣọ́ òru, àwọn mìíì ti mọ̀ ọ́n sórí láti Sọ́ńdè sùkúù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò tíì dúró bi ara wa pé ewé wo ni hísópù yìí gan-an, kí ló dé tó jẹ́ òun ni Dáfídì bèèrè. Ọba ni o. Ó lè dárúkọ òróró olówó iyebíye, ó lè ní kí wọ́n kó akọ màlúù wá. Ewé ló bèèrè.

Ewé kékeré sì ni. Tẹ́ẹ bá ṣí 1 Ọba 4:33, Bíbélì sọ níbẹ̀ pé Sólómọ́nì, ọba tó pa òwe 3,000 tí orin ẹ̀ sì jẹ́ 1,005, sọ̀rọ̀ nípa igi, láti orí kédárì tó wà ní Lẹ́bánónì títí dé orí hísópù tó ń hù lára ògiri. Ṣé ẹ rí i, kédárì ló wà lókè téńté, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ààfin, òun ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ḿpìlì, hísópù ní tiẹ̀, inú ibi tí ògiri ti sán ló ti ń yọ, ẹnikẹ́ni ò gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣèwádìí ewéko ilẹ̀ Ísírẹ́lì gbà pé ewé tí wọ́n ń pè ní Origanum syriacum ni, tí àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sá gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ yànmọ̀tí, tí wọ́n sì ń fi jẹ búrẹ́dì títí dòní. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni òun àti ẹfinrin wa, òun náà sì ń ta sánsán. Kì í ga, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tó àyà àgbàlagbà, ṣùgbọ́n irun wẹ́wẹ́ wà lára ewé ẹ̀, tí èèyàn bá dì í ní ìdì kan tó tì í bọ nǹkan olómi, ó máa gbà á mọ́ra, tí wọ́n bá sì gbọ̀n ọ́n, ó máa wọ́n ọn sára ohun tó wà níwájú ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ nínú Bíbélì nìyẹn: nǹkan tó ń wẹ èèyàn mọ́ wà níbì kan, ẹni tó nílò ẹ̀ wà níbòmíì, hísópù ló ń gbé e lọ bá a.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ẹ́kísódù 12, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù. Òru tí Ọlọ́run fẹ́ la ilẹ̀ Íjíbítì kọjá láti pa àwọn àkọ́bí ibẹ̀ ni. Wọ́n ti pa ọ̀dọ́ àgùntàn ní àṣálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù náà, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú àwo kòtò. Ẹ fojú inú wo bàbá kan ní Góṣénì, ibi táwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń gbé ní Íjíbítì, àgùntàn tó pa ò lábàwọ́n, ọlọ́dún kan ni bí Ọlọ́run ṣe wí, kò ṣe àṣìṣe kankan, ó wá gbé àwo ẹ̀jẹ̀ yẹn sí àárín yàrá, ó gbàdúrà lé e lórí, ó ta aṣọ bò ó, ó lọ sùn. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àkọ́bí ẹ̀ lóru? Ọlọ́run ò kúkú sọ pé nígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹ ti pa àgùntàn. Ohun tó sọ ni pé "nígbà tí èmi bá rí ẹ̀jẹ̀ náà, èmi ó ré yín kọjá". Ẹsẹ 22 ló wá ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa kúrò nínú àwo tó máa dé ẹnu ọ̀nà: kí wọ́n mú ìdì hísópù, kí wọ́n tì í bọ inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi kun àtẹ́rígbà àti òpó ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti ta sílẹ̀ lọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti dé ẹnu ọ̀nà tìẹ lọ̀tọ̀. Jésù ti kú, ó ti jíǹde, kò sí ohun tó kù tí èèyàn fẹ́ fi kún un. Síbẹ̀ èèyàn lè wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà tí wọ́n ti bí i, kó máa kọrin nínú kúáyà, kó máa san ìdámẹ́wàá, kó jẹ́ pé inú àwo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀, torí kò fìgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó mú un wá sórí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, sórí ẹ̀ṣẹ̀ tó mọ orúkọ ẹ̀. Mo máa ń rí sítíkà lára mọ́tò, lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ Jésù sí, kò burú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ sítíkà ò lè bá wa ronú pìwà dà. Ìgbàgbọ́ ló máa gbé e, ó sì lè jẹ́ ìgbàgbọ́ kékeré, ìgbàgbọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹrú làwọn èèyàn yẹn, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí wúrà, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí kédárì, ohun tí ọwọ́ ẹrú lè tó ni Ọlọ́run ní kí wọ́n mú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ẹnì kan wà ní gbogbo ìlú wa yìí tó tálákà ju ẹni tó lè gba ìdáríjì lọ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó ń tù mí nínú. Inú ilé ni wọ́n wà, wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọn ò rí ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, Ọlọ́run ló ń rí i láti ìta. Ẹlòmíì á ti máa gbọ̀n jìnnìjìnnì mọ́jú, á máa gbọ́ igbe lọ́dọ̀ àwọn ará Íjíbítì, á máa fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń mí, ìbẹ̀rù ẹ̀ ò sì pa ẹ̀jẹ̀ náà rẹ́ lára òpó. Àṣẹ tí wọ́n gbà ni pé kí ẹnikẹ́ni má jáde títí di òwúrọ̀. Òwúrọ̀ dé, àkọ́bí wà láàyè. Ẹ̀yin tí oorun ò kùn lójú yín lánàá torí èrò, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o.

Léfítíkù 14 sọ bí wọ́n ṣe ń wẹ adẹ́tẹ̀ mọ́. Àlùfáà ló máa jáde lọ bá a lẹ́yìn ibùdó, adẹ́tẹ̀ ò lè wọlé wá. Wọ́n á mú igi kédárì, òwú òdòdó, hísópù àti ẹyẹ méjì, wọ́n á pa ọ̀kan, wọ́n á ti èkejì tòun tàwọn nǹkan yẹn bọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wọ́n ọn sí adẹ́tẹ̀ náà lára lẹ́ẹ̀méje, wọ́n á wá jọ̀wọ́ ẹyẹ alààyè kó fò lọ sínú pápá. Kédárì àti hísópù nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹ ò rí nǹkan, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. Númérì 19 ní tiẹ̀ sọ ti ẹni tó fọwọ́ kan òkú, òun náà ò lè wọ́n omi ìwẹ̀nùmọ́ sára fúnra ẹ̀. Ẹsẹ 18 ní kí ẹni tó mọ́ mú hísópù, kó tì í bọ omi, kó wọ́n ọn sára ẹni náà. Ẹni tó mọ́ ló wí o, kò ní kó jẹ́ àlùfáà dandan. Ẹnì kan wà ládùúgbò yín tí ìtìjú ò jẹ́ kó wá sílé Ọlọ́run mọ́, ẹ̀yin gan-an lè jẹ́ ẹni tó máa gbé e lọ bá a lónìí, fóònù kan ṣoṣo lè ṣe é.

Ó ya, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Dáfídì. Ọkùnrin yìí gba ìyàwó oníyàwó, ó wá kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi ọkọ obìnrin náà síwájú ogun kó lè kú, ó sì fi lẹ́tà náà rán Ùráyà, ọkọ yẹn fúnra ẹ̀. Ùráyà gbé ikú ara ẹ̀ dání lọ bá Jóábù, olórí ogun, kò mọ̀. Wòlíì Nátánì wá bá ọba, ó ní "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Ibẹ̀ ni Orin Dáfídì 51 ti jáde. Ẹ rántí pé inú ilé kédárì ni Dáfídì ń gbé, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀ nínú 2 Sámúẹ́lì 7:2. Ẹni tí kédárì yí ká lọ́tùn-ún lósì ló ń sunkún pé kí wọ́n bá òun wá hísópù. Ó ti rí i pé adẹ́tẹ̀ lòun, òkú ti wà lọ́rùn òun.

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, ẹ mọ bí aró ṣe ń ṣe. Aláró tó ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ọṣẹ wo ló fẹ́ fi fọ̀ ọ́ tí kò ní kù lábẹ́ èékánná? Ẹ fi aṣọ funfun bọ inú ẹ̀ kẹ́ẹ wá ní ó yá padà di funfun. Bí ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì ṣe rí lára ẹ̀ nìyẹn, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun fún ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ. Ó mọ̀ pé kò sí ẹran tóun lè pa tó máa ṣe é, torí Númérì 35:31 ti sọ pé kí wọ́n má gba owó ìràpadà fún ẹ̀mí apànìyàn, ìdí nìyẹn tó fi sọ ní ẹsẹ 16 pé "ìwọ kò fẹ́ ẹbọ, tí èmi ìbá rú u". Torí náà kò ní kí àlùfáà wá. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ pé kó di hísópù náà mú: Ìwọ, fọ̀ mí.

Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ ka Jòhánù 19:29. Àsìkò Ìrékọjá ni, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí òru yẹn ní Íjíbítì, òùngbẹ ń gbẹ Jésù lórí igi, wọ́n ti kànrìnkàn bọ inú ọtí kíkan, wọ́n fi lé orí hísópù, wọ́n nà án sí i lẹ́nu. Hísópù tó gbé ẹ̀jẹ̀ àgùntàn dé ilẹ̀kùn ní Íjíbítì ló tún dé ètè Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run, ọtí kíkan ló gbé wá bá a. Ó gbà á, ó ní "Ó ti parí", ó tẹ orí ba, ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀mí ẹ̀. Mi ò lè ka ibẹ̀ kíá kí n kọjá. Ohun tó yẹ kó kan àwa lẹ́nu ló kan òun.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta òróró hísópù fún yín pé ó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, ẹ fi owó yín ra oúnjẹ fáwọn ọmọ. Kò sí agbára nínú ewé náà, ohun tí wọ́n tì í bọ ló ní agbára. Kẹ́ẹ tó kúrò nílé láàárọ̀ yìí, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ dárúkọ nǹkan náà fún Ọlọ́run bó ṣe jẹ́ gan-an, owó ọ́fíìsì tó wọ àpò yín, oyún tẹ́ẹ ṣẹ́ tẹ́ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, irọ́ tẹ́ẹ pa mọ́ ẹnì kejì yín. Bó bá jẹ́ owó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé a rí òwúrọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ rí i ni ò rí i, kì í ṣe mímọ̀ọ́ṣe wa. Gba ọpẹ́ wa ní orúkọ Jésù.

Olúwa, fi ewé hísópù fọ̀ mí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀, mo ṣí i sílẹ̀ fún Ọ lónìí, mi ò ní àwáwí. Wẹ̀ mí, kí n fún ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù, kúrò nínú ìmọ̀ orí mi, bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọkàn mi, bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ikú tó ń rìn ní òru àti ní ọ̀sán, tó bá dé ibi tí mo wà, kó ré mi kọjá. Àwọn ọmọ mi, àkọ́bí àti àbígbẹ̀yìn, kò ní sí ẹni tí a ó wá tì.

Baba, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó ń wo ara ẹ̀ bíi nǹkan tó hù lára ògiri tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tí ẹbí ò kà sí, tí ìjọ ò mọ orúkọ ẹ̀, mú un lọ́wọ́ ara Rẹ, kí o sì lò ó. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti gbé sílé kédárì, mo gbàdúrà fún yín pé ẹ ò ní ga ju ẹni tó ń bèèrè ìdáríjì lọ.

Olúwa, mú mi rántí ẹni tó wà lẹ́yìn ibùdó. Fi ọ̀rọ̀ tí kò ní dá a lẹ́bi sí mi lẹ́nu, kí n tó padà wálé lónìí kí n ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà Òṣogbo tí a máa gbà lónìí, Baba, bá wa lọ, bá wa bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa, ọjà wa, àwọn ọmọ wa nílé ìwé, a fi wọ́n sábẹ́ ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́ Àgùntàn. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa la gbàdúrà. Àmín.