Ihò Inú Ògiri

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí nǹkan ń hó lẹ́yìn mi, ẹ̀wà ni. N ò lè pa iná rẹ̀ nítorí yín.

Lóṣù tó kọjá, ní aago méjì òru, mo jókòó síwájú ògiri kan fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ògiri inú géèmù ni o. The Talos Principle 2 lorúkọ rẹ̀. Croteam, àwọn ará Croatia, ló ṣe é. Apá kìn-ín-ní jáde ní 2014, ìkejì dé ní 2023. O ò ní gbé ìbọn níbẹ̀. Wọ́n á mú ọ wọ inú ọgbà kan tí irinṣẹ́ díẹ̀ wà, ó kù sọ́wọ́ rẹ bí o ṣe máa ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ènìyàn ti kú tán láyé, róbọ́ọ̀tì ló ṣẹ́kù. Wọ́n tẹ ìlú kan dó, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan làwọn máa jẹ́, ó parí. Ìwọ, 1K, lo jẹ́ ẹni ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú òyìnbó á ti gbọ́ “a ti pé, ó tó” rí. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ.

Ti àkọ́kọ́ ti mọ́ mi lára. Èyí tún kó irinṣẹ́ tuntun dé. Ọ̀kan ń po ìtànṣán pupa mọ́ búlúù kó di àwọ̀ ewé. Òmíràn ń lu ihò sára àwọn ògiri kan. Ìtànṣán á gba inú ihò náà kọjá, ìwọ ò ní lè gbà á.

Mo há síbẹ̀. Wọ́n ṣàánú ẹni díẹ̀ ṣá: iná kékeré kan wà tí wọ́n sọ ní Prometheus. Bí o bá rí i mú, wàá fi fo ọgbà tó bá le jù. Tó o bá padà wá yanjú rẹ̀, wọ́n á dá iná rẹ padà. Méjì wà lọ́wọ́ mi, n ò lò ó. Agídí ni. Nígbà tí wọ́n bá ń pàlọ́ nílé wa, “awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́”, èmi ni mo máa ń di etí pa kí n má baà gbọ́ ahọ́n lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àṣìtẹ̀ ló yọ mí. Mo fẹ́ tẹ bọ́tìnì míì, ni ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà lódìkejì ògiri bá gba inú ihò bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àṣé ẹrù ń gbà á kọjá! Ènìyàn nìkan ni kò lè gbà á.

Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró de ìwé ìgbélùú, n ò sì lè wá sílé. Láàárín ìgbà yẹn, dúróòmù mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn: ọṣẹ, wàrà, bàtà, àti tẹlifíṣọ̀n kan tó fọ́ lójú ọ̀nà. Owó ìsìnkú bàbá mi dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ka ìṣẹ́jú náà. Wọ́n fi aṣọ ẹbí tèmi ránṣẹ́ sí Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Mo wọ̀ ọ́, mo wé gèlè, mo jókòó ti fóònù, mò ń wo sàréè. Nẹ́tíwọ̀kì ń já. Ẹrù ń lọ, ẹrù ń bọ̀, èmi nìkan ni ihò náà kò gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síṣẹ́, mo yanjú ọgbà náà ní ìṣẹ́jú mẹ́rin péré.

Ìwé mi ti jáde. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá. Mo bi màmá mi pé kí ni kí n kó bọ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n má kó nǹkan kan, ọṣẹ ti pọ̀ nílé.

Ẹ dákun, ẹ̀wà mi ti ń jóná.