Bí A Ṣe Ń Ka Òjò Ọdún Pípẹ́: Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gbogbo àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ pé òjò ò rí bó ṣe máa ń rí mọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. CHIRPS rèé, àkójọ àkọsílẹ̀ òjò ojoojúmọ́ láti 1981. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí sátẹ́láìtì rí àti ohun tí wọ́n wọ̀n nílẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibi, ẹ tẹ 8.13 fún àríwá, 4.25 fún ìlà-oòrùn. Ẹ ṣí i nínú Excel: déètì lápá òsì, òjò lápá ọ̀tún ní mílímítà.

Ẹ fi SUMIFS, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ ìṣirò inú Excel, ro òjò ọdún kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ wá ìpíndọ́gba 1991 sí 2020. Ọgbọ̀n ọdún ni Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o! Ọ̀dá mú gan-an ní 1983. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ síí kà láti ibẹ̀ á ní òjò ń pọ̀ sí i ṣáá.

Àròpọ̀ ọdún nìkan ò tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí. Ká ní ọdún méjì rọ 1,200 mílímítà lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkíní fi ọgọ́rùn-ún ọjọ́ rọ ọ́, ìkejì fi ọgọ́ta. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n lójú àgbàdo? Ẹ fi COUNTIFS ka ọjọ́ tí òjò tó mílímítà kan sókè. Ẹ wá wo oṣù kọ̀ọ̀kan: ìgbà wo ni àkọ́rọ̀ dé, báwo ni òjò ṣe dá tó ní oṣù kẹjọ, ìgbà wo ni àrọ̀kúrò tán? Ẹni tó fi àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo, tí òjò wá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtúngbìn ló kàn án, bí àròpọ̀ ọdún náà tilẹ̀ dára.

Ẹ tún fi MAXIFS wá ọjọ́ tí òjò pọ̀ jù. Ní Ìbàdàn, 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo lé ní 180 mílímítà, ó sì gba ẹ̀mí àti dúkìá. Ṣùgbọ́n CHIRPS ń pín òjò káàkiri ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà márùn-ún, nítorí náà irú òjò bẹ́ẹ̀ lè kéré lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ní ohun èlò tí a fi ń wọn òjò tiyín. Ẹ má gbé e sábẹ́ máńgòrò tàbí ẹ̀bá ògiri. Láràárọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá omi dọ́gba, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó da omi nù. Ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Bí ẹ bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo, ẹni tó bá kà á lọ́la ò ní mọ̀ bóyá òjò ni ò rọ̀ àbí ẹ ò sí nílé.