Bí mo ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀lé aláìsàn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ bí mo ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn ń lo oògùn rẹ̀, ó yá, ẹ súnmọ́ ibí.

Ohun tí ẹ nílò nìyí: fóònù kan, ìwé orúkọ aláìsàn, owó ìpè. Ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò pé "WhatsApp ńkọ́?", fóònù onítọ́ọ̀ṣì kò mọ WhatsApp, àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì béèrè dátà.

Kí ẹ tó gba nọ́ńbà, ẹ bi onítọ̀hún léèrè: "Ta ló ni fóònù yìí? Ta ló tún máa ń gbé e?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ àìsàn sínú àtẹ̀jíṣẹ́! Ẹ má kọ orúkọ oògùn pàápàá. Fóònù kan ṣoṣo ni odindi ilé máa ń lò níbòmíì. Àṣírí èèyàn lẹ ń tú yẹn o!

Ó kan kíkọ. Ẹ wo ojú fóònù mi: "E n le o. Se alaafia ni?" Mo mọ̀, kò sí àmì. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Ẹ fi ọ kan péré tó ní àmì lábẹ́ sí i, ó di 70 lójú ẹsẹ̀. Tó bá kọjá 70, owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì nìyẹn, ẹ wá fi iye aláìsàn yín sọ ọ́ di púpọ̀.

Ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè ni mo kọ? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n fi "Mambo?" (ìyẹn "Báwo ni?" ní èdè Swahili) ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí àwọn tó ń lo oògùn HIV. Aláìsàn á fèsì "Sawa" bí ara bá le, "Shida" bí ìṣòro bá wà. Nínú ìwádìí náà tó jáde ní 2010, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà ló ń lo oògùn déédéé. Àwọn tí kò gbà á, 50. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ o! Ẹ má ṣe é lójoojúmọ́, ó máa ń sú wọn.

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì láti fèsì. Ẹni tó ní òun ní ìṣòro, ẹ pè é. Ẹni tó dákẹ́, ẹ pe òun náà, ẹ má sọ pé "ara rẹ̀ ti le nìyẹn."

Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ẹ ní kó fláàṣì yín, kẹ́ ẹ pè é padà.