Ọwọ́ Tiwa Gan-an Ló Yẹ Ká Máa Kà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ níbí ní Minnesota rèé, lọ́jọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn tá a máa ń lò fún ìpàdé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mi ò tún un ṣe púpọ̀, torí náà ẹ máa rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ gùn, àkókò sì lé mi nígbà tó kù díẹ̀. Ìbéèrè tí màmá kan bi mi náà wà nínú ẹ̀, torí òun gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí mi ò rò.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lóko kòkó, ẹ mọ ẹgàn. Ẹgàn ni igbó tí àdá ò kàn rí. Tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ bá wọ ilẹ̀ tuntun, kó tó bẹ́ ẹyọ igi kan ó ti mọ̀ bóyá ẹgàn ni àbí ibi tí ẹnì kan ti ro rí tó wá di igbó padà, á wo bí igi ṣe tóbi sí, á wo ohun tó ń hù nísàlẹ̀, á wò ó bóyá ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀, torí ibi tí ọ̀pẹ bá ti pọ̀ nínú igbó, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ní ẹgàn tiwọn tí wọ́n fi òfin dáàbò bò, àmọ́ ó tóbi débi pé ojú lásán ò ká a mọ́, wọ́n ní láti máa kà á ni. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju pé nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ń kà níbẹ̀, ẹranko ni o, igi ni o, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ọwọ́ tiwa: ẹ̀ẹ̀melòó la ti na ọwọ́ wọ inú ẹ̀?

Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1964 ni Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin yìí, Wilderness Act lorúkọ ẹ̀. Ọkùnrin tó kọ ọ́, Howard Zahniser, ìgbà 66 ló tún un kọ láàárín ọdún mẹ́jọ, ó wá kú lóṣù karùn-ún ọdún 1964 yẹn náà, oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyàwó ẹ̀ ló lọ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rántí. Ibi 54 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 9.1 éékà, lónìí ó ti lé ní 800, ilẹ̀ ẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 110 éékà lọ, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ẹ̀ tó wà ní Alaska.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Zahniser fi sínú òfin yẹn tí wọ́n bá a jà lé lórí, wọ́n ní kó yọ ọ́, kò gbà. "Untrammeled" ni. Títí dòní àwọn òyìnbó fúnra wọn ń ṣì í kà, wọ́n rò pé ó ní kí ẹsẹ̀ má tẹ ibẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹsẹ̀ o. Trammel yẹn, okùn tí wọ́n fi ń so ẹṣin lẹ́sẹ̀ ni, tàbí àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó ẹja; untrammeled wá ni ohun tí wọn ò so. Ẹ wo adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ lọ́jà. Wọn ò lù ú, wọn ò tu ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fún un ní àgbàdo, ara ẹ̀ ń dán, àmọ́ kò lè lọ síbi tó wù ú. Bí igbó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Ó lè tutù yọ̀yọ̀, kí ẹran kún inú ẹ̀, kí omi ẹ̀ mọ́, kó sì jẹ́ pé a ti so ó lẹ́sẹ̀.

Òfin náà wá ní iṣẹ́ ẹni tó bá ń ṣọ́ ilẹ̀ yìí ni kó pa ìwà ẹ̀ mọ́. Ìwà! Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, pé igbó ní ìwà bí èèyàn ṣe ní ìwà. Àmọ́ wọn ò sọ bí wọ́n ṣe máa wọn ìwà. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣọ́ àwọn ilẹ̀ yìí, àwọn tó ni ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, àwọn onígbó, àwọn ẹlẹ́ja àtẹranko ìgbẹ́, àtàwọn tó ń mójú tó ilẹ̀ ìjọba, oníkálùkù sì ń ṣe tiẹ̀ fún ohun tó lé ní 40 ọdún. 2008 ni wọ́n tó jókòó fẹnu kò sí ọ̀nà kan náà, wọ́n tún un ṣe ní 2015. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n máa wò: bóyá a ò dè é, bóyá ìṣẹ̀dá inú ẹ̀ ṣì pé, bóyá ilé, ọ̀nà àti ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀, bóyá èèyàn lè dá wà níbẹ̀ kó rìn bó ṣe wù ú, àti nǹkan mìíràn tó bá ṣeyebíye níbẹ̀, bí ojúbọ tàbí ilé àtijọ́. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà, tó bá tó ọdún márùn-ún wọ́n á sọ bóyá ó ń dáa sí i, ó dúró síbì kan, àbí ó ń bà jẹ́.

Kí ni wọ́n ń kà? Ẹ ò ní gbà gbọ́. Wọ́n ń ka iye ìgbà tí wọ́n lo ayùn ẹ́ńjìnnì. Torí òfin ò gba ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn, tí igi bá wó dí ọ̀nà, ayùn gígùn tí èèyàn méjì ń fà lọ bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń la gẹdú láyé àtijọ́, òun ni wọ́n fi ń gé e. Tí nǹkan bá le débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ lo ẹ́ńjìnnì tàbí hẹlikópítà, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé ìdí tí kò fi sọ́nà míì, wọ́n á sì kà á mọ́ ara wọn lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ti ń yọ ìjọba lẹ́nu kí wọ́n yí òfin padà, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ò léèéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ̀rọ̀ èéfín? Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Amẹ́ríkà ju ibi tí kò sí kẹ̀kẹ́ lọ fíìfíì, ẹ fi díẹ̀ yìí sílẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ti Isle Royale, mo mọ̀ pé mo máa pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Erékùṣù ni, ó wà nínú adágún Superior, adágún ńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láti 1976, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ẹ̀ ti wà lábẹ́ òfin yìí. Moose wà níbẹ̀, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ, ìkookò, èyí tí òyìnbó ń pè ní wolf, sì wà níbẹ̀ tó ń pa á jẹ. Orí yìnyín làwọn ìkookò gbà débẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà òtútù tí omi dì. Láti 1958 làwọn onímọ̀ ti ń ka méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lọ́dọọdún, kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti ka apẹran àti ohun tó ń pa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1980 ìkookò tó 50. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, 14 ló kù, àrùn ajá ló pa wọ́n, ajá tí èèyàn mú wọ ibi tí kò yẹ kó mú un wọ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹnikẹ́ni ò gégi, ẹnikẹ́ni ò kọ́lé, ẹnì kan kàn mú ajá ẹ̀ rìnrìn àjò.

Nígbà tó fi máa di 2016, ìkookò méjì péré ló ṣẹ́ kù, bàbá àti ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ayé ti ń móoru, yìnyín ò dì bíi ti tẹ́lẹ̀, òmíràn ò lè kọjá wá. Moose wá ń bí sí i, ó lé ní 2,000 ní 2019, wọ́n ń jẹ igi kéékèèké tán nílẹ̀. Kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Tẹ́ ẹ bá káwọ́ gbera, ẹ ò dè é lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ̀dá inú ẹ̀ ń bà jẹ́ lójú yín, ọwọ́ èèyàn ló sì bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá kó ìkookò tuntun wá, ìṣẹ̀dá á padà bọ̀ sípò, àmọ́ ẹ ti di okùn mú. Láàárín 2018 sí 2019, wọ́n kó 19 wá láti Minnesota, láti Michigan, láti Kánádà. Ní 2024 wọ́n ka bí 30, moose sì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Èmi rò pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Àmọ́ ibi tí mo ti ń bá àwọn kan jà nìyí, àwọn tó ń sọ pé tí iṣẹ́ bá ti yọrí sí rere kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọwọ́ tá a nà, àtúnṣe ni, kì í ṣe ìdè. Rárá o! Ìdè ni. Oògùn tí dókítà fún ọmọ yín, bó ṣe wù kó ṣiṣẹ́ tó, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, torí dókítà tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tá ò bá kọ èyí tó dáa sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹnì kan á ní òun náà fẹ́ ṣe rere, á tún ṣe, á tún ṣe, tó bá fi máa pé 50 ọdún ọgbà ẹranko la máa ní, a ò ní ní ẹgàn mọ́.

Kódà kíkà fúnra ẹ̀ lè di okùn. Ní Idaho, ní ẹgàn Frank Church, tó lé ní mílíọ̀nù méjì éékà, wọ́n fi hẹlikópítà balẹ̀ ní 2016 kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ẹran wà hàn sọ́rùn elk, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, wọ́n tún fi sọ́rùn ìkookò mẹ́rin tí wọn ò gbàṣẹ lé lórí. Ẹjọ́ délé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2017 adájọ́ ní wọ́n tàpá sófin, ó ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi hẹlikópítà yẹn kó rẹ́. Ẹni tó ń sọ fún mi pé ká kó kámẹ́rà àti ẹ̀rọ kún gbogbo inú igbó ká lè mọ̀ ọ́n dáadáa, kó lọ ka ẹjọ́ yẹn.

Ibí ni mo dé tí màmá kan nawọ́ sókè lórí ìjókòó iwájú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ pé ibi tí ọ̀pẹ bá ti pọ̀ nínú igbó, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Òfin tó o kà fún wa yìí, ṣé òun kọ́ ló ní èèyàn kàn jẹ́ àlejò níbẹ̀? Àwọn onílẹ̀ dà? Kí ni ọ̀pẹ tiwọn?"

Mo dúró. Mo ní ojú ìwé mẹ́ta níwájú mi tí mo fẹ́ kà, mo pa á dé.

Òótọ́ ni màmá sọ, ó wà nínú òfin yẹn pé àlejò tí kì í gbé ibẹ̀ ni èèyàn jẹ́. Ọ̀pẹ tiwọn sì wà, nítòsí wa níbí, ní ẹgàn Boundary Waters, ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti wa ọkọ̀ àjẹ̀ rí, tó lé ní mílíọ̀nù kan éékà àti adágún tó lé ní 1,000. Igi páìnì pupa tó dàgbà létí omi níbẹ̀, tí wọ́n bá wo inú ẹ̀, àpá iná wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí òmíràn, fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Mànàmáná kọ́ ló dá gbogbo ẹ̀. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n ni ilẹ̀ yẹn látijọ́, ló ń dáná létí omi àti lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń ru ọkọ̀ láti adágún kan sí èkejì, ibi tí iná bá ti jó ni blueberry ti ń so dáadáa. Àpá yẹn dá wáí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, nígbà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n dáná mọ́, tí ìjọba sì ń pa gbogbo iná. Lábẹ́ àdéhùn 1854 àwọn Ojibwe jọ̀wọ́ ilẹ̀ yẹn fún ìjọba, àmọ́ wọ́n di ẹ̀tọ́ wọn mú láti ṣọdẹ, láti pẹja, láti kó manoomin, ìrẹsì orí omi tí wọn ò fi ṣeré rárá.

Torí náà, màmá, mo ní láti tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Mo ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ bí ẹni pé 1964 la bẹ̀rẹ̀ sí ka ọwọ́, bí ẹni pé odo ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe odo. Ọwọ́ wà níbẹ̀ tó mọ igbó yẹn, ọwọ́ mìíràn wá ká a kúrò, kíká yẹn gan-an sì ni okùn tó le jù. Nínú ètò tí wọ́n ṣe yẹn, iná tí mànàmáná dá tí ìjọba bá pa, wọ́n ń kà á bí ìdè, mo sì máa ń yìn wọ́n fún ìyẹn. Àmọ́ iná tí Ojibwe ò lè dá mọ́ fún 100 ọdún, inú ìwé wo ló wà? Páìnì yẹn ń darúgbó láìsí iná, igi mìíràn ń hù bò ó. Tá a bá ní kí wọ́n padà wá dáná, lábẹ́ ètò kíkà tí mò ń gbè lẹ́yìn láti àárọ̀, ọwọ́ ló máa jẹ́. Mi ò rò pé ó tọ́ kí okùn tí wọ́n so àti okùn tí wọ́n tú jọ wà lábẹ́ orúkọ kan.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ẹ jẹ́ n sáré. Iná Pagami Creek, nínú Boundary Waters yìí náà, 2011, mànàmáná ló dá a, wọ́n jẹ́ kó jó, afẹ́fẹ́ gbé e, ó jó ju 92,000 éékà lọ, àwọn kan sì ń pariwo títí dòní. Ẹ lọ wo ibẹ̀ báyìí, igi kéékèèké ti kún un. Ewúrẹ́ orí òkè ní ọgbà ìtura Olympic ní ìpínlẹ̀ Washington, èèyàn ló kó wọn débẹ̀ láwọn ọdún 1920, hẹlikópítà ló kó 325 lára wọn kúrò láàárín 2018 sí 2020, ọwọ́ tó ń nu ọwọ́ nù nìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ariwo bàálù àti ìmọ́lẹ̀ ìlú lóru, ó di ọjọ́ míì.

Èyí tí mi ò gbọdọ̀ fò: ní Montana, àwọn ẹ̀yà Salish àti Kootenai fúnra wọn ya ilẹ̀ òkè tiwọn sọ́tọ̀ ní 1982, ní Mission Mountains, bí 92,000 éékà, àwọn ni ẹ̀yà àkọ́kọ́ tó ṣe é, ìjọba kọ́ ló pàṣẹ fún wọn. Lọ́dọọdún, láti àárín oṣù keje títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń ti bí 10,000 éékà nínú ẹ̀ pa, torí àwọn béárì ńlá ń gun òkè lọ jẹ kòkòrò lábẹ́ òkúta nígbà yẹn. Ẹ̀bá òkè yẹn ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń rìn níbẹ̀, tó bá tó àkókò béárì wọ́n á yà fún un.

Màmá ní ṣé mo ti bi àwọn Ojibwe léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa kà. Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní kí n lọ bi wọ́n, kí n tó tún wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn Ojibwe tó wà ní Grand Portage lọ́jọ́ Mọ́ńdè.