Ìsọyè Wà Lẹ́sẹ̀ Yín

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB, ẹ kú ìjókòó.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣe lóru. Ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù nínú bàsíà kí oorun má baà gbé yín lọ, ẹ ó sì tẹjú mọ́ ojú ewé kan náà títí di aago méjì. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé. Omi náà lé oorun lọ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí mo kà kì í bá mi dé yàrá ìdánwò. Ìdí tí mo fi wá lónìí ni láti bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ ẹsẹ̀ yẹn kúrò nínú omi, kí ẹ fi rìn.

Ọpọlọ kò tó nǹkan lára wa, bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ni, síbẹ̀ òun nìkan ń lo bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ fún un, ìrìn sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àgbàlagbà 120 jọ, wọ́n ní kí àwọn kan máa rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí àwọn yòókù kàn máa na ara. Èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Lẹ́yìn ọdún kan, hippocampus, apá ọpọlọ tó ń bá wa tọ́jú ìrántí, ti fi bí ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń rìn. Tàwọn yòókù ń sún kì ni. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni o, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!

Èyí tó wù mí jù wá láti Nẹ́dálándì ní 2016. Àwọn ènìyàn 72 kọ́ ibi tí àwòrán 90 wà. Apá kan gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún 35 ìṣẹ́jú, apá kan gùn ún lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, apá kẹta kò gùn ún rárá. Lẹ́yìn wákàtí 48, àwọn tó fi wákàtí mẹ́rin sí i ló rántí jù. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kàwé lọ́sàn-án tó sì fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ tún wo tẹn-tẹn táwọn ọmọbìnrin ń ṣe. Orin ń lọ, àtẹ́wọ́ ń dún, ọmọ ń fò, ó sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ tí ẹnìkejì máa gbé jáde. Kò sí ibi tí ọkàn ti lè rìn lọ. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá gba àkókò eré lọ́wọ́ ọmọ torí ìdánwò.

Nídìí tábìlì ìwé, tí ogójì ìṣẹ́jú bá ti kọjá, ẹ dìde. Ẹ fo okùn díẹ̀, tàbí kí ẹ máa rìn yí ilé ká, kí ẹ máa ka ohun tí ẹ kọ́ sórí láìwo ìwé. Kí ẹ sì sùn, torí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́. Ẹni tó bá ní fọ̀níkúfọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Ó yá, ẹ dìde ná. Ẹ tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ká jọ kà á dé ogún: ení, èjì, ẹ̀ta…